Èyí Tó Pupa

Iṣẹ́ mi ni kí n máa fi ọ̀kadà ọ̀gá mi gbé ẹ̀jẹ̀ láti Ṣàgámù lọ sí ọsibítù kan ní Ìsarà. Mo ti ṣe é títí ó fi di bárakú. Nígbà tí ìyá láàbù gbé àpò méjì fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, etí kan ni mo fi gbọ́ wọn.

"Èyí tó pupa ni kó o fi sínú yìnyín. Èkejì ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dá. Má jẹ́ kí yìnyín kàn án rárá, òtútù máa ń bà á jẹ́."

"Mo ti gbọ́, mà."

Mo wo àpò méjèèjì. Ọ̀kan ṣú bí àgbo. Àwọ̀ èkejì jọ ti òróró. Nílé wa, ìyẹn là ń pè ní pupa. Gààrí tí wọ́n fi epo sí, pupa ni. Màmá mi gan-an, pupa ni wọ́n. Èyí tó ṣú yẹn, dúdú ni lójú tèmi. Mo tẹ́ èyí tó pupa sáàárín yìnyín nínú kúlà, mo fi dúdú sínú báàgì, mo gbéra.

Ní Ìsarà, nọ́ọ̀sì ṣí kúlà.

"Ta ló ní kó o ki èyí bọ yìnyín?"

"Ṣebí èyí tó pupa ni, mà."

"Pupa kẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ wà níwájú ẹ, òróró lò ń pè ní pupa?"

Wọ́n ní èyí tó wà nínú báàgì ṣì dára, kò tíì pẹ́ níta. Wọ́n gbé èkejì sókè lójú fèrèsé, wọ́n mì í díẹ̀. "Tó bá dáa, ṣe ló máa ń yí bí èéfín nínú àpò. Èyí ò yí mọ́. A ò lè fà á sí ọmọ lára."

Lẹ́yìn kọ́tìnì, ọmọbìnrin kan ti ń ṣẹ̀jẹ̀ nímú láti àárọ̀. Ìyá rẹ̀ fi aṣọ ìnura di imú rẹ̀ mú.

Mo pe ọ̀gá mi lórí fóònù, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Sọ fún ìyá ọmọ pé bó ṣe wà láti láàbù nìyẹn. Kó lọ bá wọn jà."

"Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀gá."

"Ìwọ tó ò jáde ìwé mẹ́ta?"

"Mi ò jáde lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni mo fi tì í bọ yìnyín."

"Tó o bá sọ ọ́, o ò ṣiṣẹ́ fún mi mọ́."

"Ẹ wá mú ọ̀kadà yín nírọ̀lẹ́. Mo ṣì fẹ́ fi gbé òmíràn."

Mo sọ fún ìyá náà. Ó pààrọ̀ ọwọ́ tó fi di aṣọ mú.

"Ṣé òmíràn wà?"

"Ó wà, mà. Èmi ni mo ba ti àkọ́kọ́ jẹ́."

"Lọ gbé e wá."

Nígbà tí mo dé láàbù, mo ní, "Ẹ má fi àwọ̀ júwe ẹ̀ fún mi mọ́, mà. Ẹ fọwọ́ lé e." Wọ́n fọwọ́ lé e. Mo gbé e lọ nínú kúlà gbígbẹ.

Kí wọ́n tó pe ìrun Mọ́gàríbì, aṣọ tuntun tí wọ́n fi sí imú ọmọ náà ò rin mọ́. Ọ̀gá mi wá mú ọ̀kadà rẹ̀. Kó máa mú un lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó tún dà lára ọmọ yẹn kí n tó padà dé, ẹ̀bi tèmi ni. Mi ò ní dì í ru ìyá láàbù.