Orí Ààbọ̀ Tó Jáde Lọ́dọ̀ Mi

Ẹ gbà mí o! Wọ́n fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́ ní àdúgbò Gbégamey lónìí.

Bùrọ̀dá kan wà tí mo máa ń gẹrun fún. Kì í jẹ́ kí kílípà mi kan òun lórí rárá. Tiẹ̀ ló máa ń gbé wá, torí ẹ̀rù sídà, ìyẹn àrùn éèdì. Òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ló jọ wá láàárọ̀ yìí.

Mo ti gẹ ẹ̀gbẹ́ òsì tán nígbà tí rédíò sọ pé ẹni tó bá mọ̀ pé òun ní sídà, tó sì bá ẹlòmíràn sùn láì sọ fún un, lè ṣẹ̀wọ̀n.

Bùrọ̀dá bú sẹ́rìn-ín. "Ìdí tí mi ò fi ṣe àyẹ̀wò nìyẹn. Ẹni tí kò mọ̀, ẹjọ́ wo ni wọ́n fẹ́ bá a rò?"

Mo pa kílípà.

Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ dìde. "Ẹ ra kílípà torí orí yín. Èmi tí ẹ fẹ́ fẹ́ ńkọ́?"

"Àbẹ̀ní, àwàdà ni mò ń ṣe."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ ṣe é lọ́dọ̀ dókítà. Èmi náà ò tíì ṣe àyẹ̀wò."

Mo ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ n parí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún."

"Irun á dúró dè wá!"

Ni wọ́n bá gun ọ̀kadà sẹ́míjàn lọ, aṣọ ìgẹrun mi ṣì wà lọ́rùn ọkùnrin náà.

Tí ẹ bá rí i, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ mi kọ́ nìyẹn, mi ò tíì parí ẹ̀ ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ìgbà wo lẹ ṣe àyẹ̀wò tiyín? Ẹ dáhùn o, àga mi ṣófo.