Ẹni Tó Ń Ka Nọ́ńbà fún Rewáyà

Ọ̀rọ̀ rewáyà kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ páànù kan ni mo fẹ́ sọ, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ọwọ́ tèmi náà ò mọ́ níbẹ̀. Èmi ni mo ń ṣe alámẹ́ńtì nínú ọgbà yẹn: mọ́tò tí táyà rẹ̀ bá ń wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, èmi ni mo ń tò ó kó dúró ṣánṣán. Òun ló ń tún iná àti wáyà ṣe. Máfọwọ́kàn la ń pè é, torí pé ohun tó máa kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu ẹ̀ nìyẹn bóo bá sún mọ́ iṣẹ́ ẹ̀. "Má fọwọ́ kàn án!" Àbíkẹ́yìn ẹ̀ gan-an, ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n sọ nìyẹn, kì í ṣe "màmá".

Ẹnì kan ṣoṣo ló lè fọwọ́ kan iṣẹ́ náà láìgbọ́ ariwo, ìyàwó ẹ̀ ni. Ilé ìtẹ̀wé ni obìnrin yẹn ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Òun ló máa ń ka ìwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, láti wá àṣìṣe inú ẹ̀, bí àmì kékeré kan bá sì sá lójú ìlà, kò ní bọ́ lójú ẹ̀. Nígbà tí ilé ìtẹ̀wé náà kógbá sílé, ó ní dípò kí òun jókòó lásán, òun á máa wá bá ọkọ òun. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó gbá ṣọ́ọ̀bù náà mọ́. Ohun kejì ni pé ó jókòó sídìí sítíárì.

Iṣẹ́ kan wà nínú iṣẹ́ rewáyà tí ẹnì kan ò lè dá ṣe kó gún. Lẹ́yìn sítíárì mọ́tò ayé òde òní, sẹ́ńsọ̀ kan wà níbẹ̀, pẹlẹbẹ bí ìdérí ìkòkò kékeré, tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà inú mọ́tò ibi tí awakọ̀ yí ọwọ́ dé. Bó bá parọ́, kọ̀ǹpútà á gbà á gbọ́. Iná á tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù, sítíárì á wúwo lọ́wọ́ lójijì, nígbà mìíràn mọ́tò á fúnra ẹ̀ fa bíréèkì táyà kan ṣoṣo. Bóo bá fẹ́ mọ ibi tí irọ́ náà ti ń wá, ẹnì kan á jókòó, á máa yí sítíárì díẹ̀díẹ̀, á máa ka nọ́ńbà tó ń jáde lójú ẹ̀rọ àyẹ̀wò. Ẹnì kejì á dùbúlẹ̀ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, orí nínú, ẹsẹ̀ níta, á máa fọwọ́ tọ wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan. Níbi tí nọ́ńbà bá ti bọ́ kúrò lójú ẹ̀rọ, ibẹ̀ ni àìsàn wà.

"Mélòó?" Máfọwọ́kàn á bèèrè láti ìsàlẹ̀.

"Ogún. Ogójì. Ọgọ́ta. Ẹ dúró, ó bọ́!"

"Mo ti rí i."

Báyìí ni wọ́n ṣe ṣe é fún ọdún mọ́kànlá. Mo máa ń jókòó sórí jáàkì mi, kí n máa gbọ́ wọn. Ẹlòmíràn á lo ọjọ́ mẹ́ta lórí ohun tí àwọn méjèèjì máa fi òwúrọ̀ kan parí. Èmi ni mo sọ obìnrin náà ní Àǹtí Mítà, orúkọ yẹn sì mọ́ ọn lára. Ìyìn ni mo fi ṣe. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run fún mi lẹ́nu tí kì í mọ ìgbà tó yẹ kó panu dé. Kò pẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. "Máfọwọ́kàn, ìgbà wo lo máa gbòmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ?" Bí mo bá ti sọ ọ́, afọ́ntáyà ọgbà wa á rẹ́rìn-ín, akunmọ́tò á rẹ́rìn-ín, Máfọwọ́kàn náà á fi ẹnu rẹ́rìn-ín. Mi ò wo ojú ẹ̀ rí láti mọ̀ bóyá ojú náà ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kan, lọ́yà kan gbé mọ́tò ẹ̀ dé. Ó ti gbé e dé ṣọ́ọ̀bù méjì kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, iná tó ń tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù ẹ̀ ò sì kú. Àǹtí Mítà jókòó, ó ń yí i, ó ń kà á. Ó yí i sósì dé òpin, ó yí i sọ́tùn-ún dé òpin, ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Ọkọ ẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó ń tọ wáyà, kò rí nǹkan kan.

"Bàbá àwọn ọmọ," obìnrin náà ní, "kì í ṣe sẹ́ńsọ̀. Lápá òsì, ọgọ́fà ló ti ń bọ́. Lápá ọ̀tún, òjìlúgba. Ẹ pa méjèèjì pọ̀, òbìrí kan gbáko ni, ibì kan náà ni sítíárì ń dé nígbà méjèèjì. Nǹkan kan ló ń yí pẹ̀lú sítíárì, tó bá sì ti yí dé ibì kan, á lọ fara kan wáyà. Ẹ wo ìdí ọ̀pá yẹn, lápá ibi ẹsẹ̀ mi."

Lọ́yà yẹn patẹ́wọ́. "Rewáyà, ta ni kí n wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ báyìí? Ìwọ ni, àbí ìyàwó ẹ?"

Ká ní mo panu dé ni. Ṣùgbọ́n mo ní, "Lọ́yà, ẹ má da ara yín láàmú. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni èyí tó wà nísàlẹ̀ yẹn. Ọ̀gá ló jókòó."

Gbogbo ọgbà bú sẹ́rìn-ín. Máfọwọ́kàn rá jáde lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, eruku bo gbogbo irun ẹ̀.

"Jáde kúrò nínú mọ́tò yẹn," ó sọ fún ìyàwó ẹ̀. "Ta ló bi ẹ́? Nọ́ńbà ni mo ní kóo kà, mi ò ní kóo ronú."

Ẹ̀rín dá. Àǹtí Mítà rọra gbé ẹ̀rọ náà sórí àga, ó sọ̀kalẹ̀, ó gbọn yẹ̀rì ẹ̀, ó sì lọ sílé.  Èmi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ látàárọ̀ padà sídìí jáàkì mi.

Ẹ̀rọ àyẹ̀wò kọ ọ́ sójú ẹ̀ pé sẹ́ńsọ̀ ló bàjẹ́. Ohun tó máa ń kọ náà nìyẹn, torí ẹ̀rọ ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó parọ́ àti ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn kó má lè sọ̀rọ̀. Máfọwọ́kàn mọ èyí jù mí lọ. Síbẹ̀ ó yọ sẹ́ńsọ̀ tó dára, ó fi tuntun sí i, ó kọ́ ọ ní ibi tí òdo wà, ìyẹn ibi tí sítíárì ti dúró ṣánṣán, iná sì kú. Ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Ó wa mọ́tò náà gbọọrọ dé ẹnu ọ̀nà ọgbà, ó wà á padà sẹ́yìn. Ó yẹ kó yí sítíárì dé òpin lápá méjèèjì kó tó fà á lé olówó lọ́wọ́, òun ló sì kọ́ èmi gan-an bẹ́ẹ̀. Kò yí i. Ẹ̀rù ń bà á pé bóun bá yí i, tó bá tún bọ́ ní ọgọ́fà lójú gbogbo wa, a ó tún rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, wọ́n fi ọkọ̀ wọ́ mọ́tò náà dé, iwájú ẹ̀ ti fọ́. Lọ́yà fẹ́ yà wọ ọgbà ilé ẹjọ́ ni, sítíárì le mọ́ ọn lọ́wọ́, ó kọ lu ògiri, apá lọ́yà sì kán. Máfọwọ́kàn dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀, èmi ni mo di tọ́ọ̀ṣì mú. Ìdí ọ̀pá yẹn ni, lápá ibi ẹsẹ̀. Orí bóòtù kan ti ń ha wáyà kan, ó ti ha èèpo ẹ̀ tán, bàbà inú ẹ̀ ń dán. Ó wò ó títí, ó wá dojú kọ mí.

"Jọ̀ọ́, má sọ fún ìyàwó mi."

Mi ò sì sọ. Ẹnu tó yẹ kó dákẹ́ níjọ́sí sọ̀rọ̀, ìgbà tó yẹ kó sọ̀rọ̀ wá dé, ó dákẹ́. Mo ṣì ń kábàámọ̀ èyí ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí yẹ̀yẹ́ ni mo fi àkọ́kọ́ ṣe, ṣùgbọ́n mo ro èyí kí n tó ṣe é.

Ọdún mẹ́fà gbáko ni Àǹtí Mítà ò fi jókòó sínú mọ́tò kankan nínú ọgbà wa. Wọn ò kọ ara wọn sílẹ̀ o. Ó ń kí i, ó ń gbọ́ oúnjẹ fún un, ó ń bi í léèrè bí ẹ̀yìn ṣe ń dùn ún. Bí ọkọ ẹ̀ bá ní ṣé kò ní yọjú sí ṣọ́ọ̀bù, á ní, "Iṣẹ́ wà nílé." Máfọwọ́kàn sọ fún mi pé ká ní ó bínú ni, ì bá rọrùn fún òun. Ó wá ra dígí kan, ó gbé e sórí àga kó lè máa rí ojú ẹ̀rọ láti ìsàlẹ̀, ó so okùn mọ́ sítíárì kó lè máa fi fà á. Ṣùgbọ́n dígí ń yí nọ́ńbà sódì, ohun tó ń kà níbẹ̀, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n. Nígbà tó yá, bí wọ́n bá ti ní sítíárì ló ń ṣe mọ́tò, á ní kí wọ́n gbé e lọ síbòmíràn.

Ó tún sọ nǹkan mìíràn fún mi. Ó ní bí òun bá na nǹkan sí ìyàwó òun, kì í gbà á bọ̀rọ̀, á ta ọwọ́ síbòmíràn, bí ẹni tí kò fẹ́ fọwọ́ kan ọwọ́ òun. Ó ní kì í wo òun lójú mọ́. Mo ní, "Obìnrin kì í gbàgbé." Ọgbọ́n ni mo rò pé mo sọ.

Lẹ́yìn náà ni agbẹ̀bí kan gbé mọ́tò ẹ̀ dé. Ilé dé ilé ló máa ń lọ gbẹ̀bí, aboyún mẹ́rin ló sì ń retí ẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Sítíárì ẹ̀ ń le ní gbogbo kọ́nà. Máfọwọ́kàn fẹ́ lé e lọ bó ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n agbẹ̀bí náà jókòó sórí táyà kan, ó ní òun ò lọ ibì kankan. Odindi ọjọ́ kan ni Máfọwọ́kàn fi bá dígí àti okùn jà. Inú bí mi.

"Gbọ́, ọkùnrin yìí," mo ní. "Ìyàwó ẹ ò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá síbí. Lọ bẹ̀ ẹ́. Àbí o fẹ́ kí aboyún máa fi ẹsẹ̀ rìn torí ìtìjú ẹ?"

Ó nu ọwọ́, ó sì lọ. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, mo rí i pé obìnrin náà di apá ọkọ ẹ̀ mú pinpin. Inú mi dùn. Mo rò pé wọ́n ti parí ìjà.

Máfọwọ́kàn dúró láàárín ọgbà, níwájú afọ́ntáyà àti akunmọ́tò àti èmi. "Ẹ̀yin tí mo bú u lójú yín, ẹ gbọ́," ó ní. "Lọ́jọ́ tí mọ́tò lọ́yà wà níbí, òun ló mọ̀ ọ́n. Ibi tó ní kí n wò náà ló wà. Mo rí i, mo sì fi í pa mọ́ fún un. Jọ̀ọ́, ìyá àwọn ọmọ, má bínú."

"Mo ti mọ̀," obìnrin náà ní. "Lọ́jọ́ tí wọ́n wọ́ mọ́tò yẹn dé, ẹ ò jẹun. Ó kàn jẹ́ pé mo ń retí kí ẹ sọ ọ́ ni." Ó mí kanlẹ̀. "Ó ti tán. Ẹ mú mi dé ibi mọ́tò náà."

Ó jókòó sídìí sítíárì, ó gbé ẹ̀rọ lé itan. Ọkọ ẹ̀ ti wọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, mo sì gbọ́ ayọ̀ nínú ohùn ẹ̀.

"Máa yí i. Mélòó?"

Sítíárì yí díẹ̀, ó dúró.

"Ìyá àwọn ọmọ, mélòó ló wà níbẹ̀?"

"Ṣé iná wà lójú ẹ̀rọ yìí?" obìnrin náà bèèrè.

Ojú ẹ̀rọ náà ń tàn yànyàn. Èmi tí mo dúró lókèèrè ń rí nọ́ńbà inú ẹ̀. Máfọwọ́kàn rá jáde, ó wo ẹ̀rọ, ó wo ìyàwó ẹ̀. Agbẹ̀bí ti dìde lórí táyà tó jókòó lé. Ó gbé ìka kan sókè níwájú obìnrin náà, ó sún un lọ sún un bọ̀. Ojú náà ò tẹ̀ lé e.

"Ó ti tó ìgbà wo, ìyá?"

"Ó ń lọ sí ọdún mẹ́rin. Ọ̀tún ti lọ pátápátá, òsì ló kù tó ń rí òjìji. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ rí dókítà lọ́dún tó kọjá. Ó ní iṣan ojú ló ń kú, pé ká ní a tètè wá ni, oògùn ì bá dá a dúró."

"O ò sọ fún mi," Máfọwọ́kàn ní.

"Mo sọ fún yín pé ojú ń ṣe mí bákan. Ẹ ní ọjọ́ orí ni." Kò sí ìbínú nínú ohùn ẹ̀, èyí ló sì le jù. "Èmi náà ò tètè mọ̀. Inú ilé ni mo wà, kí ni mo ń wò? Ìkòkò tóbi, ilẹ̀kùn tóbi. Bó bá jẹ́ pé mò ń ka nọ́ńbà fún yín lójoojúmọ́ ni, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ gan-an la ò bá ti mọ̀."

Wọ́n ní gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé jọ, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. 

Obìnrin náà ló sọ̀rọ̀. "Bàbá àwọn ọmọ, aboyún ń dúró de èèyàn yìí. Ọwọ́ mi ò fọ́. Èmi á máa yí i, ẹ̀yin ẹ máa kà á. Kí alámẹ́ńtì dùbúlẹ̀ kó máa tọ wáyà."

Bí mo ṣe wọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù nìyẹn. Máfọwọ́kàn jókòó sí àga ẹ̀gbẹ́ ìyàwó ẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ náà lọ́wọ́. Sítíárì bẹ̀rẹ̀ sí í yí lókè orí mi, jẹ́jẹ́.

"Òdo," Máfọwọ́kàn ní. "Ogún. Ogójì. Ọgọ́ta." Ohùn ẹ̀ ti ń gbọ̀n. "Ọgọ́rin." Lẹ́yìn náà mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ ju ẹkún ọkùnrin náà lọ. Obìnrin náà di sítíárì mú síbi tó bá a dé, kò yí i síwájú, kò dá a padà, ó ń dúró de nọ́ńbà tó kàn.