Ìyá Tó Jókòó Sórí Òkìtì Iyanrìn

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí ogun abẹ́lé kò tíì pẹ́ tó parí, Amadi-Ama ní Port Harcourt là ń gbé. Iṣẹ́ káfíńtà ló gbé bàbá mi débẹ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín àwa àti ìyá àgbà kan tó ń yan ẹja. Ọmọ etí òkun ni, kò gbọ́ Yorùbá, pijin la fi ń bá a sọ̀rọ̀. Mama la máa ń pè é. Bí iléèwé bá ti gba ìsinmi, yóò tọrọ mi lọ́wọ́ ìyá mi, a ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí abúlé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, iyanrìn tó wà níbẹ̀ ga ju ilé lọ. Atẹ́gùn ló kó o jọ, ewéko kan tó ń fà nílẹ̀, tí òdòdó rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ló fi gbòǹgbò dì í mú. Ibẹ̀ ni ìjàpá òkun máa ń yé ẹyin sí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo hú ẹyin méjì sínú kaba mi. Mama rí mi, kò nà mí. Ó ní, "Put am back, the way you see am." Ó dúró tì mí títí mo fi bò wọ́n tán.

Lọ́dún kejì, àwọn ọkùnrin kan fi ọkọ̀ ojú omi pẹrẹsẹ ńlá dé pẹ̀lú ṣọ́bìrì, wọ́n fẹ́ kó iyanrìn lọ kọ́lé nígboro. Kí a tó gbọ́, wọ́n ti gbẹ́ apá kan lọ. Mama fi ẹja sílẹ̀ lórí iná, ó lọ jókòó sórí èyí tó kù. Ọ̀gá wọn bẹ̀ ẹ́ títí, ó wá bú u. Mama ní, "Oya, dig me join." Mo jókòó tì í. Àwọn obìnrin abúlé ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Oòrùn pa wá, òjò pa wá. Lọ́jọ́ kẹta, olórí abúlé ní kí àwọn ọkùnrin náà máa lọ.

Òkun gba apá tí wọ́n gbẹ́ wọlé, ó kó ilé mẹ́ta lọ. Ṣùgbọ́n kí ìsinmi tó parí, àwọn ọmọ ìjàpá yọrí nínú iyanrìn tó kù, wọ́n ń rá pálá lọ sómi. Ìgbà yẹn nìkan ni mo rí omijé Mama.

Ayé ti yí padà. Nígbà náà, obìnrin tí kò mọ̀wé lè lé ọkọ̀ padà. Lónìí, ìwé àṣẹ ni wọ́n fi ń gbẹ́ iyanrìn, láti ọ́fíìsì tí a kò mọ ojú ẹni tó wà níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé. Ẹ gba ìwé náà, ẹ kà á, ẹ béèrè ẹni tó fọwọ́ sí i, kí ẹ sì kọ ìwé tiyín padà láti ta kò ó. Bí ẹ bá ń wá ẹni tí yóò kọ́kọ́ fọwọ́ sí tiyín, èmi rèé.