Fláwà Ẹ̀yìnkùlé Wa

Òórùn ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ni mo fi ń rántí àárọ̀ ọjọ́ náà. Ní agbolé wa ní Ìlóbí, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà, ti jí, ó ti gbé ọkọ́, ó ti tú gbogbo ẹ̀yìnkùlé láti ìdí ilé ìdáná títí dé etí igbó. Kì í ṣe pé ó fẹ́ gbin àgbàdo. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ni wọ́n sin Múfú síbẹ̀, àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́rin tí ibà pa. Ẹ̀yin tí a jọ gbọ́njú mọ̀ pé òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. Wọ́n ti mú Màmá lọ sílé aládùúgbò kí wọ́n tó gbẹ́lẹ̀, Bàbá Àgbà sì tú ilẹ̀ tó kù kí gbogbo rẹ̀ lè rí bákan náà lójú Màmá.

Gbogbo ẹni tó wá kí Màmá ló ń sọ pé, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ọlọ́run á fi òmíràn dípò." Màmá á ní, "Àmín." Ṣùgbọ́n láàárọ̀, bó bá ń gbálẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, ìgbálẹ̀ á dúró lọ́wọ́ rẹ̀, á máa wo ilẹ̀ níbí, á máa wò ó lọ́hùn-ún. Kò mọ ibi tí kò yẹ kó fẹsẹ̀ tẹ̀. Mo mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ ló ń wá. Bàbá mi wà níbi òwò rẹ̀ ní Owódé. Bó bá dé, kì í yà sí ẹ̀yìnkùlé rárá.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, Bàbá Àgbà ní kí n gé igi fláwà wá láti ọgbà ilé ìwé wa, èyí tó máa ń tanná pupa, tí wọ́n máa ń ní ká fi àdá rẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Èyí tó tutù jù ni mo gé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Èyí ṣì ń mu ọmú." Ó rán mi padà lọ mú èyí tí kò tutù jù, tí kò sì gbó jù. Ó gé ìdí rẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀ lábẹ́ oríkèé, ó já ewé rẹ̀ dànù, ó fi méjì péré sílẹ̀ lókè, ó rì í dé ìdajì, ó sì fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó. Nítòsí igi ìyeyè ló gbìn ín sí, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ní gbin òdòdó sí. Màmá ń wò wá láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

Kò pẹ́ tí mo fi fà á tu kí n lè mọ̀ bóyá ó ti ta gbòǹgbò. Ó kú. Bàbá Àgbà ò nà mí. Ó gbin òmíràn sójú ibẹ̀ gan-an, kò jẹ́ kó yẹ̀ rárá, ó ní, "Síkírá, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Omi ni kí o máa fún un, má yọ ọ́ lẹ́nu."

Ọjọ́ tí fláwà náà kọ́kọ́ tanná, Bàbá Àgbà pe Màmá. Èèwọ̀ ni kó sọ ohun tó mọ̀ nípa ibẹ̀, kò sì sọ ọ́. Ó ní, "Ìyàwó, eegun ń ro mí. Bá mi máa bomi rin fláwà yìí. N ò rí ẹlòmíràn tí mo lè fi í lé lọ́wọ́."

Màmá wo òdòdó náà, ó wo ojú Bàbá Àgbà, ó sì kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé, Bàbá." Ó pẹ́ kó tó dìde. Láti ọjọ́ náà, kò wo ilẹ̀ kiri mọ́ bó bá ń gbálẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Inú mi dùn gan-an, n ò lè purọ́.

Bàbá Àgbà ti lọ tipẹ́. Ayétòrò ni mo wà báyìí, mo ti bí ọmọ mẹ́ta, mo sì ti ju ọjọ́ orí tí Màmá wà nígbà náà lọ. Iléyá tó kọjá, mo bá Màmá lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú garawa omi, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀. Mo ní, "Màmá, ṣé Bàbá Àgbà sọ fún yín nígbà yẹn?"

Ó ní, "Kí ni kó sọ fún mi? Àgbàlagbà tó mọ èèwọ̀ ni. Fláwà ló ní kí n máa bomi rin."

Ká ní ọmọdé ni mí ni, n kì bá tí jẹ́ kó sinmi títí yóò fi jẹ́wọ́. Mo gba garawa lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì lọ pọn omi sí i.