Ilẹ̀ Àánú Tó Wà Lẹ́yìn Ilé Oníkápẹ́ẹ̀tì

Kò sẹ́ni tó jẹ́ ya fọ́tò ilé náà. Ilé bíríkì alájà kan tó ti dúdú ni, ní Barking, nílùú òyìnbó níbí, kò jìnnà sí àwókù ilé ìsìn àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Abbey. Oníkápẹ́ẹ̀tì ló ń tajà nísàlẹ̀, ìjọ wa ló háyà òkè. Òórùn kápẹ́ẹ̀tì tuntun máa ń wọ sùtánà wa débi pé tí mo bá wọ bọ́ọ̀sì délé, á ṣì wà lára mi. Bàbá tó ni ṣọ́ọ̀bù náà lawọ́. Àgékù tí kò bá rí tà, àwa ló ń fún, nítorí náà kápẹ́ẹ̀tì iwájú pẹpẹ wa jẹ́ àwọ̀ mẹ́ta, kò sí èyí tó bá ìkejì mu.

Wọ́n wó ilé náà, inú sì ń bí mi títí dòní. Àwókù Abbey, tó ti wó kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó dáyé, wọ́n ń gé koríko ibẹ̀, wọ́n kọ ìtàn rẹ̀ sára pátákó. Tiwa tó dúró ṣinṣin, tí òrùlé rẹ̀ ò jò, ni wọ́n ní ó ti gbó jù. Ṣé ilé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wó kí wọ́n tó máa kẹ́ ẹ ni?

Ẹ̀yìn ilé yẹn gan-an ni àárò rẹ̀ ń sọ mí. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń já ẹrù, bàbá náà sì fún wa ní igun kan. A kó iyanrìn sí i, a fi bíríkì yí i ká, a yà á sí mímọ́, ó di ilẹ̀ àánú wa. Ẹni tí nǹkan bá wúwo lọ́kàn rẹ̀ á bọ́ bàtà, á lọ kúnlẹ̀ síbẹ̀, ì báà jẹ́ nínú òtútù. Mo ti pẹ́ nílé ọkọ tí mi ò rí ọmọ gbé pọ̀n, màámi sì máa ń wọ bọ́ọ̀sì láti àdúgbò Thames View wá kúnlẹ̀ nítorí mi. Wọ́n jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí Ọlọ́run bá dá mi lóhùn, àwọn á mú ọmọ náà wá dúpẹ́ lórí ilẹ̀ yẹn.

Oyún ọmọbìnrin mi wà nínú mi nígbà tí katapílà dé. Ìjọ wa kó lọ sí Dagenham, níbi tó móoru, tí àyè sì wà láti gbọ́kọ̀ sí. Lẹ́yìn náà ni orúnkún màámi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. A ó lọ, a ó lọ, ọmọ ti wọ ilé ìwé.

Lọ́dún yìí, màámi ní àwọn fẹ́ padà sí Ìjẹ̀bú pátápátá. Bí a ṣe ra tíkẹ́ẹ̀tì tán ni wọ́n ní àwọn ò ní lọ láìsan ẹ̀jẹ́. Mo ní Ọlọ́run kan náà ló wà ní ṣọ́ọ̀ṣì tuntun, pé ká ṣe é níbẹ̀.

“Mi ò jẹ́jẹ̀ẹ́ kankan ní Dagenham,” ni wọ́n wí.

Ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá lọ. Fúláàtì ló kún ibẹ̀, gíláàsì àti bálíkónì. Ọ̀nà tí ọkọ̀ ẹrù ń gbà wọlé kò sí mọ́, ògiri tí a máa ń fẹ̀yìn tì kò sí. Ìró rélùwéè nìkan ni mo dá mọ̀, ìyẹn náà sì ń ti ọ̀nà gbogbo wá láàárín àwọn ilé gíga náà. Màámi ní ibí ni. Wọ́n rìn díẹ̀, wọ́n ní rárá, ọ̀hún ni. Níkẹyìn wọ́n bọ́ bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí wọ́n ń kó kẹ̀kẹ́ sí, mo dì wọ́n mú, wọ́n kúnlẹ̀ sórí òkúta. Ọmọ mi kúnlẹ̀ tì wọ́n, ó ń ṣe àmín sí gbogbo gbólóhùn, títí kan èyí tí kò yé e.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé, ó bi mí bóyá nǹkan ṣe ìyá náà. Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Mo ní àdúrà ni, ó sì dúró jẹ́jẹ́ títí wọ́n fi parí.

Nígbà tí mo gbé màámi dìde, wọn ò wọ bàtà. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò.

“Ṣé o sure pé ibí yìí ni?”

“Ibí ni, màámi.”

Wọ́n fi ọwọ́ wọn tó ti tutù kàn mí lẹ́rẹ̀kẹ́.

“Ìwọ náà ò mọ̀ ọ́n mọ́,” ni wọ́n wí. “Tí mo bá wá lọ báyìí, ta ló kù tó máa mọ̀ ọ́n?”