Ọjọ́ Tí Bàbá Kékeré Kò Sọ Ọ́

Bí mo bá gbọ́ "bí Ọlọ́run bá fẹ́" lẹ́nu ẹnikẹ́ni, Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn. Aṣọ òkè ni wọ́n ń hun ní Ìsẹ́yìn. Kọ̀ǹpútà kan wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì wọn. Èmi ni mo gba ètò ọ̀fẹ́ kan sí i, èyí tó ń fi oòrùn, òṣùpá àti àwọn ayé mìíràn hàn. Bí wọ́n bá ń sinmi, wọ́n á wá ayé ńlá tó ní ìlà yí ara ká lọ, wọ́n á mi orí. "Ẹni tó hun eléyìí, òwú ò já mọ́ ọn lọ́wọ́ rí."

Ètò náà máa ń fi ojú ọ̀run ti ọjọ́ iwájú hàn pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n wọn kì í tẹ ọjọ́ tí kò tíì dé láìkọ́kọ́ sọ pé, "Bí Ọlọ́run bá fẹ́."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, oníbàárà ń pè wọ́n lórí fóònù, wọ́n ń kánjú. Wọ́n pè mí: "Wá wo ibi tí oṣù ààwẹ̀ máa ti lé." Wọ́n tẹ ọjọ́ náà, wọn ò sọ nǹkan kan ṣáájú. "Orí dóńgóyárò mọ́ṣáláṣí ni. Èmi àti ìwọ la ó jọ wò ó."

Mo la ẹnu, mo tún pa á dé. Ṣé èmi ni màá rán Bàbá Kékeré létí?

Wọ́n di aṣọ, wọ́n gun ọ̀kadà lọ sí Ìwéré-Ilé. Jàǹbá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà; òkú wọn ni àwọn èèyàn bá wa gbé wálé.

Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ tí à ń retí oṣù dé, gbogbo àdúgbò kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Oṣù lé lórí dóńgóyárò, níbi tí Bàbá Kékeré fi hàn mí gan-an. Kò yẹ̀. Àwa la ò pé.