Á Gba Ibi Ire

Ọgọ́rin náírà ni ìgò kẹrosíìnì kan nígbà náà, ní àdúgbò wa ní Múṣin, òun ló sì jẹ́ kí màámi máa dáná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lóòjọ́. Tí a bá ti jẹun àárọ̀, ó di ọ̀la. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí, ebi sì mọ ojú mi dáadáa. Ṣùgbọ́n tí o bá rí mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nírọ̀lẹ́, o máa rò pé ọmọ olówó kan tí oúnjẹ ti sú ni, nítorí màámi ti kọ́ mi bí a ṣe ń kọ ohun tí wọ́n bá fi lọ̀ wá, ó kọ́ mi ju bí tíṣà ṣe kọ́ mi ní ìwé lọ.

Ẹ̀kọ́ náà ní àtẹ̀gùn. "Rárá" kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ọmọdé ń sọ sí àgbà lójú. Ewúrẹ́ tó fẹ́ jẹ gààrí là ń sọ ọ́ sí. "Mo kọ̀ ọ́" wà fún àlá burúkú. Tí wọ́n bá fi aṣọ lọ̀ ọ́, "Ẹ ṣé, mà, mo ní." Tí wọ́n bá fi ẹran lọ̀ ọ́, "Mo ti yó, mà." Tí o bá wá bá àgbà nídìí oúnjẹ, tó ní kí o wá jẹun, "Á gba ibi ire, mà," kí o sì máa lọ. Má bojú wẹ̀yìn. Má jẹ́ kí imú rẹ dójú tì ẹ́. Èmi a máa sọ gbogbo rẹ̀ geere bí ọmọ kéú. Láti ìgbà tí bàbá mi ti bá tirẹ̀ lọ ni màámi ti ń sọ pé ẹni tó bá jẹ oúnjẹ ará ilé, ó máa jẹ ọ̀rọ̀ wọn mọ́ ọn.

Ìyá kan wà ní yàrá tó kọjú sí tiwa, tó ń ta bọ́tìnnì, síìpù àti òwú fún àwọn télọ̀ lọ́jà Yábàá. Ìjẹ̀bú ni, ìkọ́kọrẹ́ sì ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gan-an ló ti ń sè é, lábẹ́ imú mi.

"Ìwọ, wá jẹun."

"Á gba ibi ire, mà."

"Ibi ire wo? Ṣé ọ̀fun tèmi nìkan ni ibi ire wà ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo gbé ẹsẹ̀ mi, mo lọ mumi.

Ó tó bí oṣù kan tó ti ń pè mí tí mo ń sá. Nígbà tó di ọjọ́ kan, kò pè mí sí oúnjẹ mọ́. Ó ní, "Ọmọ yìí, wá bá mi tọ́ iyọ̀ wò. Ahọ́n mi ti ń darúgbó." Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi. Ọmọ tí wọ́n bá rán níṣẹ́ kì í sọ pé òun ti yó. Mo tọ́ ọ wò. Ó ní ṣé ó tó. Mo ní ó tó. "Ó dá ẹ lójú? Tún un tọ́ wò." Ní ọ̀sẹ̀ kejì, abọ́ ni mo fi ń tọ́ iyọ̀ wò. Èmi nìkan ni mo mọ̀ tó tọ́ iyọ̀ wò tó fi sanra. Mo sì rò pé ọgbọ́n ni mo fi ń tan màámi, àfi lọ́jọ́ tí mo wọlé tí epo pupa ṣì wà létí ẹnu mi. Aṣọ ló ń ká. Ó wò mí, ó fi etí ìró rẹ̀ nu ẹnu mi, ó ní, "Ṣé iyọ̀ rẹ̀ tó?" Mo ní ó tó, mà. Ó padà sídìí aṣọ tó ń ká.

Nígbà tí mo pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, owó ilé ìwé tán. Ìbátan màámi kan ní Ìjọra ń wá ọmọ ọ̀dọ̀. Wọ́n fẹnu kò: ọjọ́ Ajé ni màá lọ. N kò sunkún lójú wọn, nítorí n kò mọ ọ̀rọ̀ tí ọmọ fi ń kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Gbogbo èyí tí wọ́n kọ́ mi, nǹkan dáadáa ni wọ́n wà fún.

Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú rẹ̀, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá oníbọ́tìnnì wọ yàrá wa, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì láìjẹ́ pé a ní kó jókòó.

"Eékún mi kò gbé ọjà mọ́," ó ní. "Mò ń padà sílé. Ìsọ̀ mi wà níbẹ̀, ọjà wà nínú rẹ̀. Ọmọ yìí ni mo fẹ́ fún."

Ẹ wò ó, kò sí nǹkan tí mo fẹ́ láyé ju kí n dúró ti ìyá mi lọ. Ṣùgbọ́n ẹnu tí wọ́n ti kọ́ fún ọdún gbọọrọ, kì í dúró de olówó rẹ̀. Mo gbọ́ tí ẹnu mi ní, "Ẹ ṣé, mà, mo ti yó."

"Ṣé mo ní kí o jẹ bọ́tìnnì ni?"

Màámi kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣé é, ẹ̀gbọ́n. Ẹ fi í sílẹ̀. Wọ́n ń retí rẹ̀ ní Ìjọra lọ́la."

Mo mọ "ẹ fi í sílẹ̀" màámi. Ògiri ni, kò ní fèrèsé. Ìyá oníbọ́tìnnì náà mọ̀ ọ́n. Ó di eékún mú, ó dìde, ó ti fọwọ́ kan kọ́tìnnì ẹnu ọ̀nà. Mo rí i pé tó bá fi lè jáde báyìí, ó parí nìyẹn. Mo kúnlẹ̀.

"Màámi, mo fẹ́ ẹ."

N kò sọ bẹ́ẹ̀ rí nínú yàrá yẹn nípa ohunkóhun tó jẹ́ ti ẹlòmíràn. Ohùn mi rí bíi ti òròmọdìẹ. Màámi wò mí títí, mo rò pé ó máa gbá mi létí. Àṣé omijé ló ń bá jà. Ó yíjú sí àlejò wa.

"Èló ni?"

"Èló ni kí ni?"

"Ọjà yín. A ò ní gbà á lọ́fẹ̀ẹ́."

Ìyá oníbọ́tìnnì padà jókòó. "Ó dáa. Ẹ mú ẹgbẹ̀rún kan wá."

"Kò gbà. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún."

"Ẹ gbà mí o! Márùn-ún, fún òwú tí eku ti fi ṣe bẹ́ẹ̀dì? Ẹgbẹ̀rún kan àbọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Jálẹ̀ nìyẹn."

"Tó bá jẹ́ mẹ́rin ni, mò ń lọ." Ó tún dìde, ó ń ṣe bí oníbàárà tó fẹ́ kí wọ́n pe òun padà.

"Ẹ padà wá, ẹ padà wá! Èló lẹ fẹ́ gbà?"

Ó pẹ́ tí mo ti wà lọ́jà, n kò tíì rí irú ìnájà yẹn mọ́: ẹni tó ń rà ń fi kún un, ẹni tó ń tà ń dín in kù, àwọn méjèèjì sì ń bínú tọkàntọkàn. Níkẹyìn màámi tú kókó etí ìró rẹ̀. Owó tó wà níbẹ̀ ni owó tó fẹ́ fi ra bàtà àti báàgì tí màá gbé lọ sí Ìjọra. Ó ka gbogbo rẹ̀ sí ìyá náà lọ́wọ́, ìyá náà ní, "Ó gbà."

Ìsọ̀ yẹn náà ni mo wà títí dòní. Láti àárọ̀ ni mo ti ń sọ fún àwọn télọ̀ pé kò gbà, wọ́n ní ẹnu mi mú ju abẹ́rẹ́ tí mò ń tà lọ, mo ní kí wọ́n ra abẹ́rẹ́, ẹnu mi kì í ṣe títà. Ìyá oníbọ́tìnnì ti sùn nílé wọn, ní Ìjẹ̀bú. Màámi ṣì wà, ó ti darúgbó, ó ṣì máa ń kọ ohun tí mo bá rà fún un lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbà á. Mo ti wá mọ̀ pé kì í ṣe ìgbéraga nìkan ló jẹ́ kó yarí lọ́jọ́ yẹn. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè dúró níwájú ìsọ̀ mi lọ́jọ́ iwájú, kó nàka sí i pé wọ́n ṣàánú mi ni.

Ìdí nìyẹn, tí àwọn ọmọ ọjà bá bi mí pé ta ló fún mi ní ìsọ̀, n kì í sọ pé ẹnì kan fún mi. Màámi ló rà á fún mi, ní ẹgbẹ̀rún méjì ó lé ọ̀ọ́dúnrún náírà.